Ẹ̀kọ́ Lórí Àwọ̀ Ewé Àgbàdo Nígbà Tí Ó Bá Ń Tanná

Kò sí àkókò tí àgbàdo nílò ojú olóko tó ìgbà tí òdòdó bá yọ ní orí rẹ̀, tí irun sì ń yọ ní ẹnu ọmọ rẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí irun náà tó yọ, títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ni a ń pinnu iye hóró tí yóò wà lórí ṣùkù kọ̀ọ̀kan. Fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ni ọ̀nà tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó ń gbà dé ibi tí hóró kan yóò ti hù. Ewé ni ó sì ń pèsè oúnjẹ tí hóró ń jẹ. Bí ewé bá ṣàìsàn ní àkókò yìí, orí ṣùkù a ṣófo, hóró a sì kéré. Nítorí náà, nígbà tí ewé bá ń yí àwọ̀ padà, oúnjẹ ilé àti owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni ó wà nínú ewu.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ń sáré lọ ra ajílẹ̀ ní kété tí wọ́n bá ti rí ewé tí ó pọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń mú ewé pọ́n ju ọ̀kan lọ. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ó bá da ajílẹ̀ sí oko tí omi ti rì, tàbí sí àgbàdo tí àrùn kòkòrò ti mú, owó ni ó sọ sínú ìgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ láti béèrè ìbéèrè mẹ́rin lọ́wọ́ ewé kí a tó ná kọ́bọ̀ kan.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: Ewé wo ni ó kọ́kọ́ yí padà, ti ìsàlẹ̀ ni tàbí ti òkè?

Àwọn oúnjẹ kan wà tí àgbàdo lè gbé láti ibì kan dé ibòmíràn nínú ara rẹ̀. Irú wọn ni náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́sì, pọtásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù. Bí wọ́n bá wọ́n nínú ilẹ̀, igi a gbà wọ́n lọ́wọ́ ewé àgbà láti fi bọ́ ewé tuntun, bí òbí tí ń fi ebi pa ara rẹ̀ kí ọmọ lè jẹun. Nítorí náà ewé ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi àìní wọn hàn. Ṣùgbọ́n síńkì, irin àti súlfọ̀ kì í rìn dáadáa bẹ́ẹ̀. Àìní wọn a máa kọ́kọ́ hàn lára ewé tuntun ní òkè.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé ewé ìsàlẹ̀ a máa gbẹ fúnra rẹ̀ nígbà tí hóró bá ti ń le. Ìyẹn kì í ṣe àrùn, ìdàgbà ni.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: Apá ibo lára ewé ni ó yí padà?

Ẹ já ewé kan, kí ẹ sì gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀.

1. Bí pípọ́n náà bá bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ewé ìsàlẹ̀, tí ó gba orí eegun àárín ewé wá sí ìdí bí ẹnu ọ̀kọ̀, tí etí ewé sì tún dúdú díẹ̀, náítírójìn ni ó wọ́n.

2. Bí ó bá jẹ́ etí ewé ìsàlẹ̀ ni ó ń pọ́n tí ó sì ń gbẹ bí ẹni pé iná rà á, tí àárín ewé sì tutù, pọtásíọ̀mù ni ó wọ́n. Irú igi bẹ́ẹ̀ a máa tètè ṣubú bí ìjì bá jà.

3. Bí ìlà tí ó pọ́n bá wà láàárín àwọn iṣan ewé ìsàlẹ̀, tí iṣan fúnra rẹ̀ sì wà ní tútù, magnẹ́síọ̀mù ni.

4. Bí ewé àgbàdo kékeré bá ní àwọ̀ elésè àlùkò, fọ́sífọ́rọ́sì ni a fura sí. Àmì yìí a sábà máa parẹ́ kí àgbàdo tó tanná, ṣùgbọ́n igi náà a ti pẹ́ kí ó tó dàgbà.

5. Bí ọ̀já funfun tí ó gbòòrò bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì eegun àárín ewé tuntun, ní ìhà ìdí rẹ̀, síńkì ni.

6. Bí ìlà funfun tàbí pípọ́n wẹ́wẹ́, tí ó já sí wẹ́wẹ́, bá tò tẹ̀lé iṣan ewé tuntun, èyí kì í ṣe ebi rárá. Àrùn ìlà ewé ni. Àwọn ewé tí ó ti yọ kí àrùn tó dé yóò mọ́, àwọn tí ó yọ lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì kún fún ìlà.

Ní 1901 ni a ti kọ nípa àrùn ìlà ewé yìí ní Natal ní Gúúsù Áfíríkà. Ní àwọn ọdún 1920 ni H. H. Storey fi hàn pé kòkòrò kékeré kan tí ń fò láti ewé dé ewé, tí ó sì ń mu omi ara wọn, ni ó ń gbé e kiri. Kò sí ajílẹ̀ tàbí oògùn tí ó lè wo igi tí ó ti mú.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: Báwo ni ó ṣe tàn ká inú oko?

Bí gbogbo oko bá pọ́n bákan náà, ó ṣeé ṣe kí oúnjẹ ilẹ̀ ti tán. Bí ó bá jẹ́ ibi kòtò nìkan, ẹ wo omi. Bí ó bá jẹ́ igi kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ìlà wẹ́wẹ́, àrùn kòkòrò ni. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, bí àgbàdo bá rọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nígbà tí ilẹ̀ tutù, ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá èpò kan wà tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò. Gbòǹgbò àgbàdo ni èpò náà ń mu.

ÌBÉÈRÈ KẸRIN: Báwo ni gbòǹgbò ṣe rí?

Ẹ hú igi kan. Bí gbòǹgbò bá funfun tí ó sì le, ara rẹ̀ dá. Bí ó bá dúdú, tí ó rọ̀, tí ó sì ń rùn, omi ti sé e mọ́, kò rí afẹ́fẹ́ mí. Irú àgbàdo yìí a máa pọ́n gẹ́gẹ́ bí èyí tí kò rí náítírójìn, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ lè wà nínú ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò lè jẹ.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Bí náítírójìn bá wọ́n, tí irun kò sì tíì yọ, yúríà díẹ̀ lè ṣe ìrànlọ́wọ́. Àpò yúríà 50 kìlógíráàmù ní náítírójìn 23 kìlógíráàmù nínú. Àpò ajílẹ̀ 15-15-15 tí ó wúwo bákan náà ní 7.5 péré. Ẹ fi í sínú ilẹ̀ tí ó tutù, ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ìdí igi, kí ẹ sì bò ó. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní gbangba, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Bí irun bá ti gbẹ, ẹ fi owó yín pamọ́, nítorí ó ti pẹ́ jù.

Bí omi bá rì í, ẹ la ojú ọ̀nà fún omi kí ẹ tó ronú nípa ajílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èpò amùgbòǹgbò, ẹ fà á tu kí ó tó so, nítorí hóró rẹ̀ lè wà láàyè nínú ilẹ̀ ju ọdún 10 lọ. Ní ọdún tí ń bọ̀, ẹ gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà sí ibẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àrùn ìlà ewé, ìdènà nìkan ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹ tètè gbìn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ má ṣe gbin oko tuntun sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo àtijọ́ tí ó ní àrùn, kí ẹ sì béèrè irúgbìn tí ó lè dojú kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ láti mú irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ jáde.

Ẹ ṣọ́ra fún sísun pòròpórò. Eérú ní pọtásíọ̀mù, ṣùgbọ́n iná a máa gbé náítírójìn lọ. Ó sàn kí pòròpórò jẹrà sínú ilẹ̀, kí a sì fi ìgbẹ́ ẹran tàbí ti adìẹ tí ó ti jẹrà kún un.

Níkẹyìn, ohun tí ẹ bá rí lọ́dún yìí, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé oṣù náà nínú àlùmáńáákì yìí: apá ibo nínú oko ni, ewé wo ni, àmì wo ni. Púpọ̀ nínú àìsàn tí a rí nígbà títanná, ṣáájú gbígbìn tí ń bọ̀ ni a ti ń wò ó sàn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Kí ni ó fà á tí àìní náítírójìn fi ń kọ́kọ́ hàn ní ewé ìsàlẹ̀?
2. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín ewé tí náítírójìn wọ́n fún àti èyí tí pọtásíọ̀mù wọ́n fún?
3. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé omi ni ó ń ṣe àgbàdo, kì í ṣe ebi?
4. Èéṣe tí kò fi ṣàǹfààní láti da ajílẹ̀ sí igi tí àrùn ìlà ewé ti mú?