Orí Lo Tẹ̀ Wá Bá Ọwọ́

Wá jókòó, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Má sọ fún mi pé kò sí nǹkan. Lánàá tí o ń wé gèlè, ojú mi ló ṣe: orí lo tẹ̀ wá bá ọwọ́, ọwọ́ kò lè gòkè lọ bá orí. Ọwọ́ òsì lo fi ti ìgúnpá ọ̀tún sókè, o sì fún ẹnu pọ̀. Ṣé o rò pé n kò rí ọ ni?

Láti ìgbà òjò ni èjìká ti ń dùn ọ́, o ní! Láti ìgbà náà lo ti ń ru bàsíà ẹja láti etí odò wọ ọjà Kpata, tí o ń gbé oògùn oníkẹ́mísì mì, tí o ń di ẹnu. Ta lo ń fi pamọ́ fún? Nígbà tí Odò Ọya kún wọ Lọ́kọ́jà ní 2012 àti ní 2022, ṣé o dúró kí omi mù ọ́ dé àyà kí o tó kẹ́rù?

Àwọn oníṣègùn kan ní Netherlands tọpa àwọn tó lé ní 300 tí èjìká ń dùn, tí wọ́n lọ bá dókítà àdúgbò wọn. Ní 1996 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn oṣù kan, kò tó ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ti gbádùn pátápátá. Ọdún yípo, bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá ṣì ń jẹ̀rora. Àwọn tó tètè wá ló tètè yá, pàápàá bó bá jẹ́ iṣẹ́ àṣejù tàbí ìfarapa díẹ̀ ló fà á. Àwọn tí ọrùn ń dùn mọ́ èjìká, tí ìrora wọn sì ti le kí wọ́n tó wá, àwọn ló pẹ́ lórí rẹ̀. Ọrùn tìrẹ ńkọ́? O dákẹ́. Mo ti gbọ́.

Má tún jẹ́ n gbọ́ "ọwọ́ mi ti lọ nìyẹn" lẹ́nu rẹ. Ní Ìlú Ọba, wọ́n tọpa àwọn tó lé ní 1,000 tó ń gba ìtọ́jú fisiotẹ́rápì fún èjìká. Àwọn tó gbà pé ara àwọn yóò yá ni ara wọn yá jù. Ìyá rẹ ní àtọ̀gbẹ; ìwọ náà lọ yẹ ṣúgà wò, nítorí èjìká tó ń gan pa máa ń bá alátọ̀gbẹ jà ju ẹlòmíràn lọ, ó sì lè gba ọdún kan sí mẹ́ta kó tó lọ.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọwọ́ yẹn tipátipá. Má sì so ó rọ̀ láìlò. Máa gbé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ dé ibi tó bá dé. Sanwó fún alábàárù kó máa gbé ẹja.

Lọ́la, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lo máa kọ́kọ́ lọ. Sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ fún wọn, má purọ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Sọ ti ọrùn. Èmi ni n ó jókòó ti ẹja rẹ títí o fi dé, má sì yára torí pé èmi ni mo wà níbẹ̀.