Àjọlò Ojú Pópó: Bí Ọlọ́kadà àti Awakọ̀ Ṣe Lè Dáàbò Bo Ẹ̀mí Ara Wọn

Lamingo, ní ẹ̀bá ìlú Jos, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Jos, JUTH, wà. Ní ọdún 2011, àwọn dókítà ilé ìwòsàn náà gbé ìwádìí jáde lórí ìfarapa tí alùpùpù ń fà ní àárín gbùngbùn àríwá Nàìjíríà. Ní ọdún tí ó ṣáájú ìyẹn, 2010, ni ìjọba ìpínlẹ̀ Plateau fi òfin de alùpùpù akérò, tí àwọn ará Jos ń pè ní achaba, ní ìgboro Jos àti Bukuru. Síbẹ̀, òfin tí ó de akérò kò pa alùpùpù rẹ́. Àgbẹ̀ ń gùn ún lọ sí oko, oníṣòwò ń gùn ún lọ sí ọjà, òun àti ọkọ̀ ńlá sì jọ ń du ojú ọ̀nà kan náà.

Nínú ìròyìn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde ní ọdún 2023, ó sọ pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 1.19 ni ìjàm̀bá ojú pópó ń pa lọ́dọọdún. Nínú ènìyàn 10 tí ó ń kú báyìí, nǹkan bí 2 jẹ́ ẹni tí ó wà lórí alùpùpù tàbí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Iṣẹ́ tí akoto ń ṣe

Ìpalára orí ni olórí ohun tí ń pa àwọn tí ń gun alùpùpù. Bí orí bá ṣàdédé gbá ilẹ̀, eegun agbárí yóò dúró, ṣùgbọ́n ọpọlọ tí ó wà nínú rẹ̀ yóò ṣì máa sún, yóò sì lọ kọlu eegun náà. Tìmùtìmù inú akoto ni ó ń gba agbára ìkọlù yìí, tí ó sì ń pín in ká, kí ó má baà dé ọpọlọ tán. Àkójọ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé akoto ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69.

Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, kí ẹ̀ṣọ́ má baà mú wọn. Igbá kò ní tìmùtìmù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní okùn abẹ́ àgbọ̀n. Yóò fò kúrò lórí kí orí tó kan ilẹ̀. Akoto gidi pàápàá kò wúlò bí a kò bá so okùn rẹ̀. Èyí tí ó bá sì ti gbá ilẹ̀ gidigidi lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn èrò kan kọ̀ láti dé akoto nígbà náà nítorí ìbẹ̀rù oògùn tàbí àrùn awọ orí. Ẹni tí ó bá ní irú ìbẹ̀rù yìí lè ra tirẹ̀, tàbí kí ó fi fìlà fẹ́lẹ́ tí ó mọ́ sí abẹ́ èyí tí wọ́n bá fún un.

Kí a rí ara wa

Akoto ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ìjàm̀bá bá ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí ń dènà ìjàm̀bá fúnra rẹ̀ ni kí ẹni méjì tí ó wà lójú ọ̀nà rí ara wọn. Alùpùpù kéré, nítorí náà, ó máa ń dà bí ẹni pé ó ṣì jìnnà sí ojú awakọ̀ tí ó fẹ́ yà sí ọwọ́ òsì ní oríta. Bákan náà ni ẹni tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà lè pòórá pátápátá nínú dígí awakọ̀.

Ó yẹ kí ọlọ́kadà tan iná iwájú rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru, kí ó wọ aṣọ tí ó ń tàn, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́ tí eruku ń bo ojú ọ̀run Jos. Kò yẹ kí ó gba ọwọ́ ọ̀tún kọjá lára ọkọ̀ tí ó fẹ́ yà sí ọ̀tún. Èrò kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó gbé, nítorí pé bí ẹrù bá ti ń pọ̀ sí i ni bírèèkì ń pẹ́ sí i kí ó tó dá alùpùpù dúró.

Awakọ̀ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kòtò kékeré tàbí yanrìn tí mọ́tò yóò gùn kọjá láìmọ̀ lè gbé ọlọ́kadà ṣubú, nítorí náà ni ọlọ́kadà ṣe máa ń yà lójijì. Kí awakọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un bí yóò ti fi sílẹ̀ fún mọ́tò, kí ó wo dígí kí ó tó yà, kí ó sì wo ẹ̀yìn kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn. Kí àwọn méjèèjì sì dín eré kù: WHO sọ pé bí eré bá lé ní ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, ewu ìjàm̀bá tí ń pa ènìyàn ń lé ní ìdá 4.

Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀

Kí ẹni tí ó bá wà nítòsí pe 122, nọ́ńbà FRSC, tàbí 112. Kí ó fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Kí ó má ṣe fa akoto kúrò lórí ẹni tí ó farapa, àfi bí onítọ̀hún kò bá lè mí, nítorí pé eegun ọrùn lè ti ṣẹ́. Fún ìdí kan náà, kò dára kí a há a sí àárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà mìíràn.

Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń dìde, tí wọn yóò gbọn eruku nù, tí wọn yóò ní kò sí nǹkan. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ń bì, tí orí ń fọ́ ọ gidigidi, tàbí tí oorun àìnídìí ń kùn ún, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú agbárí rẹ̀; ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, kì í ṣe ilé. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò sì gbà kí ilé ìwòsàn kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni.

Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Lamingo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ tí ó ti bàjẹ́ ṣòro láti tún ṣe. Okùn akoto tí a so dáadáa àti àyè díẹ̀ tí awakọ̀ fi sílẹ̀ rọrùn ju iṣẹ́ abẹ lọ.