Ìwé Àṣẹ fún Ètò Akàwé: Bí Olùkọ́ tí Kò Ríran Ṣe Lè Lo Ètò Kọ̀ǹpútà Ilé-Ẹ̀kọ́

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí mu. Ojú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lo kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n etí ni àwọn mìíràn fi ń lò ó. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni irúfẹ́ ètò kan tó máa ń ka ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Ètò akàwé ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Òfin kò ṣàìsí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2011 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn akanda ẹ̀dá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni òfin ìjọba àpapọ̀ tó lòdì sí yíyà wọ́n sọ́tọ̀ gba ìfọwọ́sí Ààrẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn ọmọ tí kò ríran ti wà ní Surulere láti ọdún 1962. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ sì ti wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1977. Nítorí náà, olùkọ́ tí kò ríran kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ìbéèrè tó kù ni pé, bí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Eleko, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì ní kí ó fi máàkì àwọn ọmọ sínú kọ̀ǹpútà, ǹjẹ́ ètò tí wọ́n gbé fún un yóò bá a sọ̀rọ̀? Èyí ni a fẹ́ dáhùn.

2.0 Bí Ètò Akàwé Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ètò akàwé kì í wo ojú kọ̀ǹpútà bí ènìyàn ti ń wò ó. Ìbéèrè ló máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ètò yòókù. Ní ọdún 1997 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft la ọ̀nà tí ìbéèrè àti ìdáhùn yìí ń gbà lórí Windows. Active Accessibility ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe UI Automation, tó gbòòrò jù ú lọ. Ohun mẹ́ta pàtàkì ni ètò akàwé máa ń fẹ́ mọ̀ nípa ohunkóhun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà: orúkọ rẹ̀, irú ohun tó jẹ́, àti ipò tó wà. Bí ìdáhùn bá pé, olùlò yóò gbọ́ ‘Fi pamọ́, bọ́tìnnì.’ Bí ẹni tó kọ ètò náà bá ya àwòrán sójú bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n tí kò fún un ní orúkọ, ‘bọ́tìnnì’ lásán ni olùlò yóò gbọ́. Aríran yóò wo àwòrán, yóò sì mọ ohun tí yóò ṣe. Ẹni tó ń fetí gbọ́ yóò dà bí ẹni tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ jọra.

3.0 Kí Ni Ìwé Àṣẹ?

Ìwé àṣẹ ni àkójọ ìlànà kúkúrú tí a kọ fún ètò akàwé, kí ó lè mọ bí yóò ti ṣe nínú ètò kan pàtó. A kò fọwọ́ kan ètò tó ní àléébù náà rárá. Ètò akàwé ni a kọ́ lọ́gbọ́n.

Ètò akàwé méjì ni a ó mẹ́nu bà. Ti àkọ́kọ́ ni JAWS, tí Ted Henter àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1989. Ètò yìí ní èdè tirẹ̀ tí a fi ń kọ ìwé àṣẹ, àmọ́ owó ni a fi ń rà á. Èkejì ni NVDA, tí Michael Curran bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní ọdún 2006. Ọ̀fẹ́ ni NVDA, èdè Python ni wọ́n sì fi kọ ọ́; òun kan náà ni a fi ń kọ àfikún rẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ fi í sọ́kàn pé àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí kò ríran. Ẹni tó ni ìṣòro ló wá ojútùú rẹ̀.

4.0 Àpẹẹrẹ Kan

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ètò èsì ìdánwò kan tí orúkọ fáìlì rẹ̀ ń jẹ́ ‘esi.exe’. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwòrán lásán ló sì wà lójú wọn: ọ̀kan ń fi máàkì pamọ́, ọ̀kan ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ̀kẹta ń pa á rẹ́. Olùkọ́ tí kò ríran yóò gbọ́ ‘bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, bọ́tìnnì.’ Bí ó bá ṣi ọ̀kan tẹ̀, iṣẹ́ sáà kan ti lọ. Wọn a sì sọ pé òun ni kò lè ṣe iṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ètò ni kò sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ tí a ó gbé lórí NVDA nìyí:

(i) A ó gbé ètò akàwé lé orí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, a ó sì tẹ bọ́tìnnì NVDA pẹ̀lú F1. Èyí yóò fi gbogbo ohun tí ètò akàwé mọ̀ nípa rẹ̀ hàn wá, títí kan nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, bí ó bá ní.

(ii) A ó bẹ aríran kan kí ó bá wa wo àwòrán tó wà lójú bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ èyí tó ń ṣe kí ni.

(iii) A ó ṣẹ̀dá fáìlì Python tó ń jẹ́ ‘esi.py’. Orúkọ fáìlì gbọ́dọ̀ bá ti ètò mu, nítorí òun ni NVDA fi ń mọ ìgbà tí yóò lò ó.

(iv) Nínú fáìlì náà, a ó kọ ọ́ pé: bí o bá bá bọ́tìnnì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ báyìí pàdé, ‘Fi pamọ́’ ni kí o pè é, èkejì, ‘Tẹ̀ ẹ́’, ẹ̀kẹta, ‘Pa á rẹ́’.

(v) A ó fi máàkì tí kì í ṣe ti ọmọ kankan dán an wò kí a tó lò ó fún iṣẹ́ gidi.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe ibi tí bọ́tìnnì wà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ní ‘bọ́tìnnì kejì láti apá òsì’ yóò kábàámọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi òmíràn kún un.

5.0 Ìṣòro Àmì Ohùn Yorùbá

Àwa olùkọ́ Yorùbá ní ìṣòro tiwa lọ́tọ̀. Nínú ìlànà Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì ohùn sórí ẹ tàbí ọ, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un. Lẹ́tà ni a kọ́kọ́ kọ, àmì a sì tẹ̀ lé e. Ojú rí i bí ohun kan, kọ̀ǹpútà rí i bí méjì. Nítorí náà, ètò akàwé lè fo àmì náà, tàbí kí ó máa pe orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀rọ̀.

Ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Bí àmì bá ti bọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ti di ẹyọ kan. Orúkọ Eleko pàápàá, bí a ti ń rí i láìsí àmì lójú pátákó, lè jẹ́ ẹlẹ́kọ tó ń ta ẹ̀kọ, ó sì lè jẹ́ Elékòó tó ni Èkó. Ọmọ ìlú mọ èyí tó tọ́. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n.

Kí ni ìwé àṣẹ lè ṣe níbí? Nínú NVDA, a lè lọ sí ibi tí a ti ń ṣètò bí a ó ti máa pe àmì, kí a sọ àmì náà ní ‘òkè’ àti ‘ìsàlẹ̀’, kí olùkọ́ tó ń ṣàtúnṣe iṣẹ́ ọmọ lè gbọ́ àmì tí ọmọ fi sí i. Láti ọdún 2024, NVDA ti ní ètò tó ń mú oríṣiríṣi ọ̀nà ìkọ lẹ́tà kan náà wá sí ọ̀nà kan. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kò lè fún ohùn Gẹ̀ẹ́sì ní ohùn Yorùbá. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ìyẹn, irú èyí tí Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i ti ń ṣe ní Ìbàdàn.

6.0 Ibi tí Agbára Ìwé Àṣẹ Mọ

Àbùlẹ̀ ni ìwé àṣẹ. Kì í ṣe aṣọ. Bí wọ́n bá tún ètò ṣe, nọ́ńbà ìdánimọ̀ lè yí padà, àbùlẹ̀ a sì ya. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹni tó ta ètò náà, kí ó fún bọ́tìnnì ní orúkọ láti ìpìlẹ̀. Iṣẹ́ díẹ̀ ni fún un, ó sì jẹ́ ìtura fún gbogbo ẹni tó ń lò ó. Bákan náà, ìwé àṣẹ lágbára lórí kọ̀ǹpútà. Kí a má ṣe gba èyí tí a kò mọ orísun rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tí máàkì àwọn ọmọ wà.

7.0 Iṣẹ́ Ṣíṣe àti Ìgúnlẹ̀

Kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan gbé NVDA sórí kọ̀ǹpútà, kí ó pa iná ojú rẹ̀, kí ó yọ máòsì, kí ó sì gbìyànjú láti kọ máàkì ọmọ márùn-ún sílẹ̀, kí ó sì fi wọ́n pamọ́. Kí ó kọ gbogbo ibi tí ó ti gbọ́ ‘bọ́tìnnì’ lásán sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwé àṣẹ.

Ní àkótán, a ti rí i pé ohun tó ń dí olùkọ́ tí kò ríran lọ́wọ́ kì í ṣe àìlójú rẹ̀ nìkan. Nígbà mìíràn, orúkọ mẹ́ta péré tí ẹnì kan gbàgbé láti kọ ni. Òfin ti fún un ní ẹ̀tọ́ láti wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ojúṣe wa ni láti rí i pé iṣẹ́ tó wà nínú ọgbà náà ṣeé ṣe fún un.