ÌKÌLỌ̀ ÒÓTỌ́ KÌ Í BÉÈRÈ KỌ́KỌ́RỌ́: Bí a ṣe lè dá àtẹ̀jíṣẹ́ oníjìbìtì mọ̀ lórí fóònù

Ẹ̀kọ́ tọ̀sẹ̀ yìí ò sí nínú sílébọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ilé tí a ti wá.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àwa ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń gbé fóònù fún. Màmá á ní, "Gbà, bá mi ka ohun tí wọ́n kọ yìí." Bàbá àgbà á ní, "Báńkì ló fi ránṣẹ́, kí ni wọ́n ń wí?" Ohun tí a bá sọ fún wọn ni wọ́n máa ṣe. Bí a bá ní kí wọ́n pe nọ́ńbà yẹn, wọ́n á pè é. Bẹ́ẹ̀ owó ọjà, owó àjọ àti owó ilé ìwé wa ló wà nínú àkáǹtì náà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwa tí à ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́.

Kí ni oníjìbìtì ń wá?

Kọ́kọ́rọ́ ló ń wá. Owó wa wà ní báńkì, kò sí nínú fóònù. Kó tó lè kó o, ó nílò PIN, tàbí nọ́ńbà iwájú káàdì ATM pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí OTP, ìyẹn nọ́ńbà ìgbà kan ṣoṣo tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe nǹkan lórí àkáǹtì. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ríbi wọ̀. Bí a ò bá fúnra wa sọ nọ́ńbà wọ̀nyí, iṣẹ́ oníjìbìtì á le gan-an.

BVN ńkọ́? Ọdún 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà 11 ló sì ní. BVN nìkan ò lè kó owó jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ BVN yín, orúkọ yín àti ọjọ́ ìbí yín lè sọ̀rọ̀ bí òṣìṣẹ́ báńkì gidi. Nítorí náà, "ó mọ orúkọ mi, ó mọ BVN mi" kì í ṣe ẹ̀rí pé báńkì ló ń pè.

Irú kìíní: "A ti dá káàdì yín dúró"

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń wí nìyí:

*"Oníbàárà wa, nítorí ìṣòro BVN, a ti dá káàdì ATM yín dúró. Ẹ pe nọ́ńbà yìí kíákíá kí àkáǹtì yín má baà tì lónìí."*

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi í ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kó ìbẹ̀rù bá wa. Ó ní ká ṣe kíákíá, ká má baà ráyè béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì. Èyí tó burú jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ló fún wa ní nọ́ńbà tí a máa pè. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ báńkì tó wà lókè àtẹ̀jíṣẹ́ tàn yín. Ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ lè yan orúkọ tó wù ú, ó sì lè bọ́ sí àárín àwọn àláàtì gidi.

Irú kejì: "Wọ́n ti jí ìsọfúnni yín"

Èyí ló gbọ́n jù, torí pé irú olè bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Kódà, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 sọ pé bí dátà bá bọ́ sọ́wọ́ olè tí ewu sì wà fún àwọn tó ni ín, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àjọ ìjọba tó ń rí sí i gbọ́ láàárín wákàtí 72. Bí ewu náà bá pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ni dátà náà pẹ̀lú, ní èdè tó yé wọn. Nítorí náà, ìkìlọ̀ òótọ́ lè wá.

Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ìkìlọ̀ òótọ́ máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n jí, àti ohun tí a lè fọwọ́ ara wa ṣe. Ayédèrú á ní ká tẹ líǹkì ká kọ PIN síbẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ó ń pariwo olè, òun gan-an ló ń béèrè kọ́kọ́rọ́ ilé.

Bí líǹkì bá wà níbẹ̀, ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: bankiwa.com.ng.atunse-bvn.top/wole. Ẹni tó ń kánjú á rí "bankiwa" níwájú, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú kọ́ la ti ń mọ onílé. Yàtọ̀ sí méjì tó máa ń tẹ̀ lé https, ẹ wá àmì / àkọ́kọ́, kí ẹ wo ohun tó wà lápá òsì rẹ̀. Níbí, "atunse-bvn.top" ló ni ilé, kì í ṣe báńkì kankan. Àwòrán àgádágodo kékeré ò sì sọ pé olóòótọ́ ló ni ojúewé náà. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíì ò lè yọjú wo ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ẹ̀yin àti onílé. Onílé náà lè jẹ́ olè.

Wọ́n máa ń pe èèyàn pẹ̀lú. Ìyá aláta kan ládùúgbò wa gba irú ìpè bẹ́ẹ̀: "Màmá, olè ti wọ àkáǹtì yín. A ti fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́, ẹ kà á fún wa ká lè dá a dúró." Ọmọ rẹ̀ tó wà ní JSS3 ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká ka gbogbo rẹ̀ tán ná." Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kí wọ́n má sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni. Ìyá pa fóònù. Nọ́ńbà tí wọ́n ní á dá olè dúró gan-an ni olè ń dúró dè.

Irú kẹta: àláàtì ayédèrú

Èyí wà fún àwọn tó ń tajà. Oníbàárà á ní òun ti sanwó, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé, ọjà á lọ, owó ò ní sí níbẹ̀. Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má gba àwòrán tó wà lórí fóònù oníbàárà gbọ́. Ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì fúnra yín kí ẹ tó gbé ọjà lé e lọ́wọ́.

Kí ni ká ṣe?

1. Ká dúró ná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.
2. Ká gba ọ̀nà tiwa lọ sí báńkì: nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, áàpù báńkì tó ti wà lórí fóònù tẹ́lẹ̀, tàbí ká fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ká má gba ọ̀nà tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà là sílẹ̀ fún wa.
3. Ká má ka OTP tàbí PIN fún ẹnikẹ́ni, ì báà pe ara rẹ̀ ní mánẹ́jà.
4. Bí ẹnì kan bá ti sọ ọ́, kó pe báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáǹtì àti káàdì pa. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni owó ń ti báńkì kan bọ́ sí òmíràn lóde òní. Kó má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, kó sì lọ fi ẹjọ́ sùn ní báńkì àti lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ojú máa ń ti àgbà láti sọ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì, wọ́n á sì fi pamọ́ di ọjọ́ kejì. Olè ti lọ jìnnà nígbà yẹn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì bá wọn wí. Ẹ kọ́kọ́ bá wọn pe báńkì.

Ìdánrawò

(a) Kí ló burú nínú kí àtẹ̀jíṣẹ́ fún wa ní nọ́ńbà tí a máa pè?
(b) Ta ló ni ilé yìí: ifowopamo.com.tete-wole.top/kaadi?
(d) OTP wọlé sórí fóònù ìyá yín, wọn ò sì ṣe nǹkan kan. Kí ni ẹ máa sọ fún wọn?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé, kí ẹ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ oníròyìn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú un wá, ẹ kọ́kọ́ kà á fún ẹnì kan nílé.