Ibo Gan-an Ni Máàkì Bàọ́lọ́jì Wà?

Àwọn ọmọ SS1 ti wọlé, àwọn òbí sì ti ń bi mí ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lọ́dọọdún: "Tíṣà, báwo lọmọ mi ṣe máa mú A nínú Bàọ́lọ́jì?" Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni mo ti ń kọ́ni ní Bàọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, n ò sì rò pé ó yẹ kí ìdáhùn ìbéèrè yẹn jẹ́ awo. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ lónìí: ohun tí mò ń retí lọ́wọ́ ọmọ, bí mo ṣe ń fún un ní máàkì, àti bí WAEC ṣe ń fún un ní tiwọn. Ẹ̀yin ọmọ gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù, àmọ́ kí ẹ̀yin òbí náà fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ ká ti ìparí bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo wa ń lọ. Pépà mẹ́ta ni Bàọ́lọ́jì ní nínú ìdánwò WAEC. Èkíní ni objective: ìbéèrè 50, ìṣẹ́jú 50, máàkì 50. Èkejì ni theory, níbi tí ẹ ó ti kọ àlàyé: wákàtí kan àti 40 ìṣẹ́jú, máàkì 70. Ẹ̀kẹta ni practical: wákàtí méjì gbáko, máàkì 80. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 200. Ẹ wá tún practical yẹn wò. 80 nínú 200! Òun ló tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í fọwọ́ kàn títí ìdánwò á fi ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n á wá máa sáré wá ọ̀pọ̀lọ́ àti aáyán kiri.

Ẹ wo ìṣirò kékeré yìí. Ká ní ọmọ kan gba 40 ní objective, ó tún gba 50 ní theory. Ọmọ yẹn gbìyànjú, àbí? Ó ti ní 90 lọ́wọ́. Bó bá gba 20 péré ní practical, àpapọ̀ rẹ̀ di 110 nínú 200, ìyẹn 55 nínú ọgọ́rùn-ún. C5 nìyẹn. Ká ní ó gba 60 ní practical, ó di 150, ìyẹn 75. A1 nìyẹn. Ọmọ kan náà ni o, ìwé kan náà ló sì kà. Ìṣirò ti WAEC gan-an ju èyí lọ, torí wọ́n tún máa ń gba máàkì inú kíláàsì lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, àmọ́ ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: 75 sókè ni A1, 70 sí 74 ni B2, 65 sí 69 ni B3, 60 sí 64 ni C4, 55 sí 59 ni C5, 50 sí 54 sì ni C6. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí là ń pè ní credit. D7 àti E8 wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n jẹ́ pass, àmọ́ wọn kì í ṣílẹ̀kùn yunifásítì. Tó bá ti dín ní 40, F9 ni. Ọmọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, tàbí tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ẹ̀ka ìṣègùn OOU ní Ṣàgámù, kò lè yẹ credit Bàọ́lọ́jì sílẹ̀. Nítorí náà, máàkì kan ṣoṣo láàárín 49 àti 50 lè dá ọmọ dúró sílé fún odindi ọdún kan.

Ó yá, ká bọ́ sí kíláàsì. Nígbà tí wọ́n dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀ ní 1913, àti nígbà tí Adéọlá Odùtọ́lá dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ìdánwò àṣekágbá ló ń sọ ohun tí ọmọ jẹ́. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 ló sọ pé kí iṣẹ́ ojoojúmọ́ náà máa ní máàkì. Ní kíláàsì tèmi, ìdánwò ìparí táàmù gba 60, iṣẹ́ ojoojúmọ́ gba 40, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Nínú 40 yẹn, test méjì gba 20, asáínmẹ́ǹtì gba 5, ìwé practical gba 15.

Àwọn òbí kan máa ń sọ pé 15 ti pọ̀ jù fún àwòrán yíyà. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe irú àwòrán tí ẹ̀ ń rò. Ẹni tí kò lè ya ẹyẹ kó jọ ẹyẹ lè gba gbogbo máàkì náà, bó bá lè wo nǹkan dáadáa kó sì fi ìlà kan ṣoṣo tó mọ́ ya ohun tó rí. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe báírò. Ẹ má kun inú rẹ̀ dúdú. Ẹ má fa ìlà kan léra lẹ́ẹ̀mẹta bíi pé ẹ̀ ń rán aṣọ. Rúlà ni kẹ́ ẹ fi fa ìlà tó lọ síbi orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí ìlà kan má sì gba orí èkejì kọjá. Kí àwòrán tóbi dáadáa, kó ní àkọlé, kó sì ní magnification.

Magnification yìí ló máa ń kó àwọn ọmọ láyà sókè, bẹ́ẹ̀ kò le rárá. Ẹ fi rúlà wọn ohun tó wà níwájú yín, ẹ wọn àwòrán yín náà, kẹ́ ẹ fi gígùn ohun náà pín gígùn àwòrán. Bí obì bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 4, tí àwòrán rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, ìdáhùn ni ×2.5. Ẹ má kọ "cm" sẹ́yìn rẹ̀ o! Ìlọ́po ni, kì í ṣe gígùn.

Níbẹ̀ náà ni mo ti máa ń mọ ẹni tó da ìwé ẹlòmíì kọ. Olúkúlùkù ló ń mú obì tiẹ̀ tàbí ewé tiẹ̀ wá, ewé méjì lára igi kan náà kì í sì gùn dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Bí ọmọ mẹ́fà bá wá gba ×2.5, tí ihò kan náà wà lára ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti yé mi? Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á tún un yà lójú mi lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

Ní ti obì, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀, torí ó dùn mọ́ mi. Ìwé sọ fún wa pé irúgbìn dicot ní cotyledon méjì, ibẹ̀ ni oúnjẹ tí ọmọ igi á fi bẹ̀rẹ̀ ayé wà. Awẹ́ obì tá à ń jẹ gan-an nìyẹn. Ẹ la obì gbàǹja, Cola nitida, ẹ ó rí awẹ́ méjì bí ìwé ṣe wí. Ẹ wá la obì àbàtà, Cola acuminata. Awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà míì márùn-ún! Bẹ́ẹ̀, dicot ni igi méjèèjì. Àwọn àgbà tó ń fi obì aláwẹ́ mẹ́rin da obì ti mọ èyí kí wọ́n tó tẹ ìwé Bàọ́lọ́jì kankan. Mo máa ń gbé àbàtà fún àwọn ọmọ SS2, kí n ní kí wọ́n ya ohun tó wà níwájú wọn. Lọ́dọọdún, àwọn kan á ya awẹ́ méjì, torí ohun tí wọ́n kà nìyẹn. Wọn kì í gba máàkì. Ẹni tó ya mẹ́rin, tó tún béèrè pé "Sà, kí ló dé tí tèyí ò fi jẹ́ méjì?", ẹni yẹn ni mò ń wá.

Ìwà kíkọ ohun tá a kà dípò ohun tá a rí yìí ló ń jẹ máàkì ọmọ jù nínú practical. Wọ́n á gbé ẹja epìyà sí ọmọ níwájú, wọ́n á ní kó kọ ohun tó rí lára rẹ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbé inú omi. Ọmọ á kọ gill. Ibo lo ti rí gill? Operculum ló wà níta, òun ló bo gill mọ́lẹ̀. Ìpẹ́ wà níta, lẹbẹ wà níta, ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ ara ẹja kọjá náà wà níta. Ìwọ̀nyẹn ni kó kọ.

Bákan náà ni ti gàrí Ìjẹ̀bú tiwa. Ẹ da gàrí díẹ̀ sínú abọ́ funfun, ẹ kán iodine sí i. Ọmọ á sáré kọ pé "starch wà níbẹ̀." Òótọ́ ni, àmọ́ òpó mẹ́ta ni tábìlì yẹn ní: Test, Observation, Inference. Lábẹ́ Observation, ohun tójú rí nìkan ló ń gba máàkì: pé iodine tó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ yí padà di blue-black. "Ó dúdú" kò tó. Starch wá jẹ́ ti òpó kẹta. (Kíkan tí gàrí Ìjẹ̀bú ń kan, iṣẹ́ àwọn bakitéríà inú ẹ̀gẹ́ tí a rin tá a fi sílẹ̀ kó kan ni, ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì nìyẹn.)

WAEC máa ń gbé ìròyìn ọ̀gá àwọn tó ń máàkì ìwé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀sùn kan náà ló ń tún ara rẹ̀ sọ níbẹ̀: àwòrán tí kò dára, àti sípẹ́lì. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ẹ bá ṣì kọ kì í gba máàkì. Orúkọ sáyẹ́ǹsì náà ní òfin tiẹ̀: ewùrà tí à ń fi se ìkọ́kọrẹ́ ni Dioscorea alata, lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ kìíní, lẹ́tà kékeré ló bẹ̀rẹ̀ èkejì, tí ẹ bá sì fọwọ́ kọ ọ́, ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì béèrè ìyàtọ̀ tata àti aáyán, ẹ fi ẹsẹ̀ wé ẹsẹ̀, ìyẹ́ wé ìyẹ́. Ẹ má fi ẹsẹ̀ tata wé àwọ̀ aáyán.

Ẹni tó bá mú iṣẹ́ wá lẹ́yìn ọjọ́ tí mo dá, mo ń yọ máàkì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ n kì í kọ òdo fún un. Òdo kò lè sọ fún mi bóyá ọmọ mọ nǹkan tàbí kò mọ̀. Ẹni tó ṣàìsàn, kí òbí rẹ̀ fi ìwé ránṣẹ́, n ò ní yọ nǹkan kan. Ojúde Ọba kì í ṣe àwáwí o. Gbogbo Ìjẹ̀bú ló mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ẹ ti ṣe asáínmẹ́ǹtì yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọṣọ ẹgbẹ́.

Ní ti ẹ̀sìpó, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Bí ẹnì kan bá tiẹ̀ ta ìdáhùn fún yín, kò lè wọn obì tó máa wà lórí tábìlì yín. Tí WAEC bá sì fagi lé èsì yín, kò sẹ́ni tó máa dá owó yẹn padà.

Àwọn kan á ní, "Sà, ilé ẹ̀kọ́ wa ò ní microscope." Mo mọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí kò nílò microscope. Ọjà Òkè-Àjẹ ló ní wọn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún táàmù yìí rèé, ilé ìdáná ni ẹ ó ti ṣe é: ẹ bó ewùrà tútù, ẹ gé ìṣù rẹ̀ kékeré méjì, kí ẹ gbẹ́ àárín wọn bí ife. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ ní tútù, ẹ se èkejì dáadáa. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí kékeré kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé wọn sínú abọ́ omi, kí omi má dé ẹnu ihò náà. Ẹ wò wọ́n kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ tún wò wọ́n láàárọ̀. Ẹ wọn omi tó gun inú ihò méjèèjì, ẹ yà wọ́n, ẹ kọ magnification. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta péré nípa ìdí tí èyí tí ẹ sè kò fi ṣe bíi ti tútù. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ gbà á.