Ìmọ̀ Ọrọ̀ Ajé Lẹ́nu Akẹ́kọ̀ọ́

"Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé" ni Yorùbá ń pe Economics, ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń yàn ní yunifásítì. Ọrọ̀ ni dúkìá àti ohun ìní. Ajé ni èrè òwò. Òun náà ni òrìṣà tó ni ọjọ́ Ajé, tí a sì ń fi í kí ọlọ́jà pé "Ajé á wọ igbá o". Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ló ń da orúkọ yìí rú. Ẹni tó kọ "ọ̀rọ̀ ajé" ti sọ ọrọ̀ di ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tó kọ "ọrọ̀ àjẹ́" ti gbé ẹ̀kọ́ náà kúrò ní kíláàsì lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́yẹ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní tirẹ̀. "Mo ń ṣe Economics" kò ṣòro gbọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá yí i sí "mo ń ṣe ọrọ̀ ajé", ìyá àgbà yóò bi í pé kí ló ń tà. Káràkátà ni à ń ṣe. Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, kíkà ni. Ó sì yàtọ̀ sí ìmọ̀ ìṣòwò: ìyẹn ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní 1944. Sam Àlùkò, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ni onímọ̀ ọrọ̀ ajé. Ẹni tó bá ń sá fún ìṣirò kò ríbi sá sí nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé o, nítorí wọ́n ń béèrè kírẹ́díìtì rẹ̀ kí wọ́n tó gbani wọlé.

Èdè ọjà ló dùn jù. Nǹkan tó "wọ́n" kò sí lọ́pọ̀, owó rẹ̀ sì ga; ọ̀rọ̀ kan ló kó méjèèjì. Bí oníṣu bá sì ké pé "ọ̀pọ̀ ni o", owó pọ́ọ́kú ló ń wí. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń fi ìlà méjì tó dábùú ara wọn yà sórí bébà, "ọ̀wọ́n" àti "ọ̀pọ̀" ti sọ ọ́ tán.

Àmọ́ kíkó tí ọ̀rọ̀ kan kó nǹkan méjì pọ̀ yìí lè ṣini lọ́nà. "Ọ̀wọ́ngógó epo" ni rédíò ń wí nígbà tí epo kò sí ní ilé epo. Òun náà ni wọ́n ń wí nígbà tó wà ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kò ṣeé gbọ́. Nínú kíláàsì, ó yẹ kí àìtó dúró lọ́tọ̀, kí ọ̀wọ́n dúró lọ́tọ̀, kí ìgbówólórí ọjà náà dúró lọ́tọ̀. Bí owó epo nìkan ló lọ sókè, ọ̀wọ́n epo ni. Bí owó gaàrí, aṣọ, ilé àti ọkọ̀ bá jọ ń gòkè lóṣooṣù, ìgbówólórí ọjà nìyẹn.