"Atọ́ka-ewu" ni, kì í ṣe "Okùnfà": Lórí Ìnira Ìwé-kíkà Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa olùkọ́ máa ń sọ ní kíláàsì láìronú: olódo. Ọmọ kan lè wà ní Ìsẹ́yìn tí ó ti ń hun aṣọ ní ìdí òfì láìṣi okùn kan mú, síbẹ̀ kí ó má lè ka gbólóhùn kan délẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè. Ohun tí ó ń bá a jà ni a pè ní ìnira ìwé-kíkà níhìn-ín.

Kí ọmọ tó wọ ilé-ìwé ni àmì rẹ̀ ti máa ń yọjú: ọ̀rọ̀ tí ó pẹ́ kí ó tó là lẹ́nu rẹ̀, etí tí kò gbọ́ràn dáadáa, òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tí ìwé-kíkà ti ni lára rí. Àwọn atúmọ̀ kan ń pe ìwọ̀nyí ní "okùnfà". A kò fara mọ́ ọn. Okùnfà ni ó ń mú nǹkan ṣẹlẹ̀; ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí wọn ní ìnira yìí ni ó ń kàwé já geere. Bí a bá sọ fún ìyá kan ní Ṣakí pé ìdílé rẹ̀ ni okùnfà, ẹ̀bi ni a dá a. "Atọ́ka-ewu" ni a dábàá: ó tọ́ka, kò dájọ́. Èyí tí ó kọjú sí i ni "adín-ewu-kù". A kò lo "ààbò", nítorí ẹni tí a bá ti dáàbò bò, a gbà pé ewu kò ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Adín-ewu-kù tí ó ṣe pàtàkì ni àkíyèsí-ìró, èyíinì ni kí ọmọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣeé pín sí wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ wa ti ń fi ẹ̀nà kọ́ èyí tipẹ́. Ọmọ tí ó sọ "bàtà" di "bàgàtàgà" ti pín sílébù, ó ti tún fáwẹ́lì pè, ó sì ti di ohùn mú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ̀wé lórí ẹ̀nà ní 1982. Ó yà wá lẹ́nu pé a ṣì ń lu ọmọ nítorí rẹ̀ ní kíláàsì.

Atọ́ka-ewu mìíràn kò sí lára ọmọ rárá: èdè tí a fi ń kọ́ ọ ní ìwé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6 gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, títí kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Kí olùkọ́ sì ṣọ́ra fún ẹ̀ka-èdè. Ní ìhà Ọ̀yọ́, àwọn tí kì í ya s sọ́tọ̀ kúrò lára ṣ nínú ọ̀rọ̀ sísọ pọ̀. Ọmọ tí ó bá rí "ṣùgbọ́n" tí ó kà á ní "sùgbọ́n" ti ka ìwé náà. Èdè ilé rẹ̀ ni ó fi kà á.